Ẹ Ka Ọjọ́ Orí Táyà Kí Ẹ Tó Wọkọ̀! Ohun Tí Mo Rí ní Ìbà Housing Estate

Ẹni tó bá ń ti Mile 2 lọ sí Ìbà Housing Estate, ọ̀nà Badagry ni yóò gbà, kó sì yáa mú sùúrù dání. Láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń wó ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń da kọnkéré, tí wọ́n ń to irin rélùwéè sí àárín rẹ̀. Rélùwéè náà ti ń kó èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù September 2023, Òkókomàíkò ni wọ́n sì ní yóò parí sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èmi lọ, dánfó ni mo wọ̀, àwa mẹ́rin mẹ́rin lórí ìjókòó kan, tí orúnkún ẹni tó wà lẹ́yìn ń gún mi ní ìbàdí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò ṣàjèjì sí ojú ọ̀nà yìí rárá. Kí ẹ tó dé Ìyànà Ìbà, ẹ ó gbọ́ tí kọ̀ndọ́ ń ké pé, "Volks wà o!" Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Volkswagen, níbi tí ọkọ̀ ìjàpá àkọ́kọ́ tí wọ́n tò ní Nàìjíríà ti jáde ní 1975. Àwọn ará Jámánì ti kó ẹrù wọn lọ tipẹ́, orúkọ wọn ló kù lẹ́nu kọ̀ndọ́. Dánfó tí a sì jókòó sínú rẹ̀ náà, ìdílé Volkswagen ló ti wá. Ṣé ẹ rí i pé bí ó ṣe ń kọjá níwájú ibẹ̀, àfi bí ọmọ tó ń kọjá lójúde bàbá rẹ̀ tí kò yà kí wọn.

Ní Ìyànà Ìbà, ẹ ó yà sọ́tùn-ún. Èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn oníbàtà òkìríkà, àwọn alátòómátì, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, gbogbo wọn ló fẹ́ẹ̀ jókòó sórí títì. Ẹ ó kọjá lójúde Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ẹ ó wá bá ara yín ní Ìbà. Ìlú àwọn Àwórì ni Ìbà, wọ́n ní ọba tiwọn, Oníbà. Láti 2003 ni wọ́n sì ti ní ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tiwọn lábẹ́ Ọ̀jọ́. Ẹ́sítéètì tí mo ń wí yìí, ọ̀kan lára àwọn ilé mẹ́kúnnù tí Alhaji Lateef Jákáńdè kọ́ ni, nígbà tó fi jẹ́ gómìnà Èkó láti 1979 títí di ìparí 1983. Bàbá náà ti papòdà ní 2021, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ àgbà tó ń gbé ibẹ̀ bóyá yóò pe orúkọ rẹ̀ kó má kọ́kọ́ ṣàdúrà fún un. Àwọn onílé ti fi ṣọ́ọ̀bù kún iwájú ilé, wọ́n ti mọ fẹ́ńsì, wọ́n ti fi yàrá kan lé yàrá kan. Ẹni tó ń ránṣọ wà níhìn-ín, ẹni tó ń din àkàrà wà lọ́hùn-ún.

Táyà ló kún ibẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe àmì iṣẹ́ fọkanáísà, òun ni àwọn ọmọdé ń yí kiri, òun ni wọ́n gbé sẹ́nu gọ́tà kí mọ́tò má bàa jìn sí i. Òun ni ìyá alágbo jókòó lé. Kò sí ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ pé kò sí ẹni tó ń wò ó yìí ló gbé mi débẹ̀.

LẸ́TÀ ÌYÁ ALÁṢỌ

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní apá ibẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí wa. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ń lọ sí ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú Òde, àwọn mẹ́rìnlá, àwọn sì fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà ní ẹ́sítéètì. Bọ́ọ̀sì náà mọ́ tónítóní, kì í ṣe dánfó jákujàku. Ọjọ́ Sunday nìkan ló ń jáde, àti nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ìpàgọ́. Táyà rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ilà ojú rẹ̀ jìn bíi ti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá náà tó ń ṣe iṣẹ́ fọkanáísà ní kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní jàǹdùkú náà ń wá owó ni, pé ó fẹ́ kí wọ́n ra táyà lọ́wọ́ òun ni. Ìyá aláṣọ wá bi wá pé, "Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ta ni ká gbà gbọ́?"

Nígbà tí mo débẹ̀, fọkanáísà náà ń lẹ túùbù kan lọ́wọ́. Kò tíì tó ogójì ọdún, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti dà bí ìsàlẹ̀ bàtà. Mo kí i, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ní, "Oò, àbúrò. Ìwé ìròyìn lo ti wá, àbí? Jẹ́ ká lọ wò ó, kí n má bàa máa sọ̀rọ̀ lásán."

A lọ síbi tí bọ́ọ̀sì náà wà lábẹ́ igi máńgòrò. Òótọ́ ni, ọkọ̀ náà wuyì. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, ó ní, "Kà á." Mo rí lẹ́tà mẹ́ta, D, O, T, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn tẹ̀ lé e, níparí rẹ̀ ni nọ́ńbà mẹ́rin wà nínú àpótí róbótó kan: 2414.

"Kí ni ìyẹn wí?" ni mo bi í.

"Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún nínú ọdún 2014. Wo èyí ẹ̀yìn, 2014 náà ni. Wá wo sípíà tó wà lábẹ́, 2011. Àwọn ìyá mi fẹ́ gbé èyí lọ sí Ìjẹ̀bú!"

Ẹ̀yin ìyá mi, gbogbo àṣírí náà nìyẹn. Kò gba ìwé mẹ́wàá, kò gba gíláàsì ojú. Táyà èyíkéyìí tí wọ́n ṣe láti ọdún 2000 wá ni yóò ní nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta péré ni ẹ rí, ẹ kúrò nídìí ọkọ̀ náà, ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ òde, ẹ jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà wo ẹ̀gbẹ́ inú, nítorí ìhà kan ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí tán.

Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni àjọ SON tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fi sí i fún wa ní ilẹ̀ olóoru yìí. Àwọn òyìnbó tí òtútù ń mú gbà á láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oòrùn wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Ọ̀jọ́.

Kí ló dé tí táyà tí kò rìn fi ń gbó? Ohun tó ń rú àwọn ìyá ẹgbẹ́ lójú nìyẹn, kò sì yà mí lẹ́nu. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́, a máa ń rò pé kò rẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo rọ́bà pẹlẹbẹ tí ẹ fi ń de owó. Ẹ fi ọ̀kan sẹ́nu fèrèsé fún oṣù mélòó kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á, já ni yóò já. Ta ló lò ó? Kò sẹ́ni tó lò ó. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà táyà ṣe ń gbẹ láti inú, tí okùn àti wáyà tó wà nínú rẹ̀ ń tú kúrò lára rọ́bà, tí ojú rẹ̀ sì ń dán síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀sì mọ́ṣáláṣí, bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó ń sinmi ní họlidé, ọkọ̀ ọ̀gá tó wà ní òkè òkun tí wọ́n ń gbọn eruku rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, gbogbo wọn ló ní àrùn yìí. Dánfó tó ń sá kiri lójoojúmọ́, ilà ojú táyà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tán, gbogbo ayé á sì rí i. Tèyí tó jókòó kalẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ.

Àwọn òyìnbó náà ti jìyà ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn kan wà tó ní ọkọ̀ tó jẹ́ ilé, bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ààrò wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ìgbà oòrùn bá dé, wọ́n á gbé e kiri bíi Fúlàní tó ń da màlúù. Bí òtútù bá dé, wọ́n á gbé e sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Táyà rẹ̀ kì í rìn tó láti jẹ ojú, ọdún ló ń pa á. Nítorí náà, ọdún tí wọ́n kọ sí i lára ni wọ́n ń fi pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ilà ojú. Àwọn mìíràn nínú wọn máa ń de ohun kékeré kan mọ́ ẹnu ibi tí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò máa sọ fún dẹ́rẹ́bà bí atẹ́gùn ṣe kù sí àti bí táyà ṣe gbóná tó. Ó ní ìdí. Ọkọ̀ ńlá tó ní táyà méjì méjì lẹ́yìn, bíi ti lọ́rí wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá jò, èkejì á gbé ẹrù méjèèjì, dẹ́rẹ́bà kò sì ní mọ̀. Ó di ìgbà tí ìkejì náà bá bẹ́.

IBI TÍ WỌ́N TI Ń WÁ

Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe rí látilẹ̀. Nàìjíríà ń ṣe táyà fúnra rẹ̀ nígbà kan. Dunlop wà ní Ìkẹjà níbí, Michelin wà ní Port Harcourt. Michelin pa ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 2007, Dunlop náà jáwọ́ nínú ṣíṣe táyà ní 2008. Àìsí iná tó dúró àti ọjà òkèèrè tó wọlé ní ẹ̀dínwó wà lára ohun tó lé wọn. Láti ìgbà náà ni òkè òkun ti di orísun táyà wa, tuntun àti tòkunbọ̀.

Ìjọba fòfin de kíkó táyà kékeré tó ti jẹ́ àlòkù wọlé, ó wà nínú ìwé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Badagry lọ sí Seme, tó mọ Kùtọnu, kò nílò kí n sọ bí ó ṣe ń wọlé síbẹ̀. Táyà tí ẹnìkan ti lò ní ilẹ̀ òyìnbó tó sì jù sílẹ̀ ni. Àwọn oníṣòwò kan tilẹ̀ máa ń ki ọ̀kan bọ inú ìkejì, wọ́n á ki ìkẹta bọ̀ ọ́, kí kọ̀ǹténà kan lè gba púpọ̀. Àjọ SON ti mú irú rẹ̀, wọ́n sì ti bà á jẹ́, kódà nígbà tó jẹ́ táyà tuntun, nítorí pé bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ yẹn, wáyà inú rẹ̀ á ti ká. Nígbà tí wọ́n bá fà á yọ tí wọ́n fi ìpara kùn ún, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti sùn nínú ikùn ẹlòmíràn.

Mo bi ẹ̀gbọ́n fọkanáísà pé ṣé òun kì í ta tòkunbọ̀ ni. Kò parọ́ fún mi. Ó ní, "Mò ń tà á, àbúrò. Ẹni tí kò lówó tuntun ńkọ́? Ṣùgbọ́n mo máa ń ka nọ́ńbà sí i létí. Bó bá gbà, ó gbà." Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì sọ fún un. Ẹni tó ra táyà náà gbọ́ nọ́ńbà, àwọn èrò tó máa wọ ọkọ̀ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tí mo bá bímọ mẹ́ta, màá padà wá bá òun.

Kì í ṣe tálákà nìkan ni táyà ń bẹ́ mọ́ lẹ́sẹ̀ o. Ní oṣù March 2016, ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, táyà ọkọ̀ tó gbé James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, bẹ́ lórí eré. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló bá a lọ. Ọkọ̀ mínísítà kẹ̀!

ÀTÀǸPÀKÒ KÌ Í ṢE GÉÈJÌ

Ọjọ́ orí nìkan kọ́. Atẹ́gùn tún wà ńbẹ̀. Nílé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí, mo jókòó fún bíi wákàtí méjì, mo ń wo bí àwọn dẹ́rẹ́bà ṣe ń ṣe. Ọ̀kan wá, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà, ó ní, "Ó le, ó dáa." Èkejì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ìkẹta ní kí wọ́n fẹ́ ẹ títí yóò fi le bí òkúta, nítorí ẹrù tó fẹ́ kó. Nínú àwọn márùn-ún tó wá, ẹnìkan ṣoṣo ló bèèrè pé mélòó ni géèjì kà.

Ẹ mú wáyà tín-ínrín kan, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Ẹ fọwọ́ kan ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, yóò ti gbóná. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, á kán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó nìyẹn. Bó ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, tó ń nà, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Iná á mú inú rẹ̀. Ẹ wá fi ẹrù tó pọ̀ lé e, oòrùn ọ̀sán, àti dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ dé kíákíá. Èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀ jù náà kò sàn: àárín ojú rẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀, kò ní lè di títì mú bí òjò bá rọ̀, kòtò kan ṣoṣo sì lè là á.

Iye atẹ́gùn tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà lára ọkọ̀ náà gan-an. Ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, lára òpó ilẹ̀kùn ni ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn wà. Ọkọ̀ kékeré sábà máa ń wà láàárín 30 sí 35, bọ́ọ̀sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ jẹ́ òpin ohun tó lè gbà, kì í ṣe iye tó yẹ kí ẹ fẹ́ sí i. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn rárá, ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Táyà tó ti rìn á ti gbóná, géèjì á kà ju bó ṣe yẹ lọ. Dẹ́rẹ́bà tó bá dúró lójú ọ̀nà tó ń jò ó dànù nítorí pé "ó ti le jù", ìṣòro ló ń dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù, ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí mo mọ̀ pé ẹ mọ ìṣirò jù mí lọ. Ọkọ̀ Sienna kan wà níbẹ̀ tó ń kó ọjà. Lára táyà rẹ̀, lẹ́yìn nọ́ńbà tó sọ bí ó ṣe tóbi tó, mo rí 98. Ìtumọ̀ 98 yẹn ni pé táyà kan lè gbé kílò 750, bí atẹ́gùn rẹ̀ bá pé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 3,000. Ọkọ̀ náà lófìfo ti ń lọ sí bíi 1,900. Ó ku 1,100. Ẹ fi dẹ́rẹ́bà àti èrò méje sínú rẹ̀, ká ní kílò 70 ni ẹnìkọ̀ọ̀kan (ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ẹ jẹun kánú), 560 nìyẹn. Ó ku 540. Àpò ìrẹsì ńlá jẹ́ kílò 50. Àpò mẹ́wàá péré, táyà ti dé òpin agbára rẹ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, sípíríǹgì àti bíréékì rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, ẹ̀yin ìyá oníhóró, mélòó ni ẹ ń kó sí i láti Badagry, tí apẹ̀rẹ̀ tún wà lórí òrùlé?

Bọ́ọ̀sì ní táyà tirẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà C tó máa ń tẹ̀ lé nọ́ńbà bí táyà ṣe tóbi tó. Ti ẹlẹ́rù ni C. Táyà ọkọ̀ kékeré kò lówó lórí tó o, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dọ́gbọ́n fi í sí bọ́ọ̀sì.

Sienna yìí náà ni mo ti rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì dẹ́rù bà mí. Iná pupa rúsúrúsú kan ń tàn níwájú dẹ́rẹ́bà, ó rí bíi kòkò tí wọ́n gé sí méjì tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti lẹ tépù mọ́ ọn. Ó ní, "Ó ń yọ mí lẹ́nu lálẹ́ ni." Iná yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní 2000, Firestone kó táyà bíi mílíọ̀nù mẹ́fà àtààbọ̀ kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà, nítorí ojú wọn ń ṣí kúrò lórí eré, tí ọkọ̀ sì ń yí gbirigbiri. Àwọn tó kú lé ní 200. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣòfin pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa sọ fún dẹ́rẹ́bà bí atẹ́gùn táyà bá dínkù. Nígbà tó fi di ọdún 2007, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tó ń jáde níbẹ̀ ló ní in, Yúróòpù tẹ̀ lé wọn ní 2014. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn ló ń di tòkunbọ̀ wa. Bí iná náà bá tàn tó sì dúró, atẹ́gùn táyà kan ti fi bí ìdá mẹ́rin dínkù sí bó ṣe yẹ. Bí ó bá kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó dúró, ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú táyà ló ti bàjẹ́, bóyá bátìrì rẹ̀ ló kú, bóyá fọkanáísà ló fi irin ṣẹ́ ẹ nígbà tó ń tú táyà. Ẹ̀yin oníṣẹ́ táyà, ẹ rọra! Ohun dúdú kékeré tí ẹ ń bá ní ìdí fáàfù yẹn, ẹ má jù ú nù.

Ẹ̀yin kan náà ni mo fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Rímù lọ́rí tó ní òrùka irin, ẹ má dúró síwájú rẹ̀ bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Bí òrùka yẹn bá fò, ó ń gé orí ni. Ẹ fi sínú àgò irin, tàbí kí ẹ so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì, kí okùn atẹ́gùn sì gùn tó kí ẹ lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ibi àpá kan ní apá rẹ̀. Mo bi í léèrè, kò dáhùn, ó kàn fà apá ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀.

ÌPÀDÉ LÁBẸ́ IGI MÁŃGÒRÒ

Ọjọ́ kan náà ni àwọn ìyá ẹgbẹ́ pàdé pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì. Bàbá ìjọ kan tó jẹ́ àgbà níbẹ̀ bínú díẹ̀. Ó ní ọdún mélòó ni bọ́ọ̀sì yìí ti ń gbé àwọn ènìyàn Ọlọ́run lọ tó ń gbé wọn bọ̀, kò sí ohun tó ṣe é. "Ọlọ́run ni awakọ̀ wa," ni bàbá wí.

Ìyá ẹgbẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Àmín, bàbá. Ọlọ́run kan náà ló fún wa lójú tí a fi ka 2014 o."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ẹ̀rín. Owó táyà bọ́ọ̀sì mẹ́rin lónìí ju owó háyà lọ́nà púpọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ní àpò àwọn kò gbé e lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan ní ká kúkú wọ mọ́tò ní gáréèjì. Fọkanáísà bi í pé, "Ìyá mi, ta ló sọ fún yín pé ti gáréèjì kéré lọ́jọ́ orí? Ẹ ó kàn tún un kà níbẹ̀ ni." Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀, pé wọ́n á wọ ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe.

Ìyá aláṣọ tó kọ lẹ́tà ló mú ọgbọ́n wá. Ó ní ẹgbẹ́ ní ìrìn àjò mẹ́ta sí i kí ọdún tó parí, ìyàwó ń bẹ, ìkómọ ń bẹ. Kí ẹgbẹ́ san owó háyà ìrìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ṣọ́ọ̀ṣì fi èyí tó kù kún un. Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi ń lọ, wọ́n pe akọ̀wé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀dà méjì. Fọkanáísà yóò bá wọn lọ sí ọjà Ládipọ̀ fúnra rẹ̀ láti lọ ka nọ́ńbà kí wọ́n tó sanwó, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sínú ìwé, nítorí àwọn tó ní ó ń wá owó.

Mo padà lọ ní ọjọ́ Thursday ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Táyà tuntun ti wà lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì. Ti àtijọ́ mẹ́rin àti sípíà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ atẹ́gùn, ọkùnrin kan sì dúró tì wọ́n, ó fẹ́ rà wọ́n. Ó ní ojú wọn ṣì dára gan-an, pé kórópe òun kò ní rìn jìnnà, Ìyànà Ìbà sí Igando lásán ni. Fọkanáísà kò dá a lóhùn. Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé rọ́bà, ó ya ẹ̀gbẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, márààrún, fàà, fàà, tí ọkùnrin náà ń bú u. Ìyá alágbo gbé méjì nínú rẹ̀ lọ. Ó ní òun yóò da ilẹ̀ sí i, òun yóò gbin ewédú.